Ohun Tí Yéjídé Aránṣọ Jogún

Ọjọ́ kejìlélógójì tí wọ́n sin Ìyá Èsìẹ́ ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, Sarah, bímọ ní Ọ̀mù-Àrán. Àwọn ará ilé a máa sọ pé ogójì ọjọ́ géérégé ni, torí pé ogójì dùn ún sọ lẹ́nu. Kì í ṣe ogójì. Sarah fúnra rẹ̀ ló ka ọjọ́ náà, kò sì sí ẹni tó ní ìdí láti kà á dáadáa tó o.

Obìnrin ni ọmọ náà. Àmì dúdú kan wà lábẹ́ etí rẹ̀ òsì, níbi tí ti Ìyá Èsìẹ́ wà gan-an, nítorí náà kò sí àríyànjiyàn lórí orúkọ. Yéjídé ni wọ́n sọ ọ́. Bó ṣe ń dàgbà ni àmì ìjọra ń pọ̀ sí i. Ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe ohun gbogbo, bíi ti ìyá àgbà. Bó bá ń rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún a máa yà síta díẹ̀, bí ẹni pé ẹsẹ̀ náà fẹ́ gba ọ̀nà mìíràn lọ. Bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu. Àwọn tó mọ òkú á mirí, wọ́n á ní, "Ìyá ti dé. Ẹ wò ó, kò tilẹ̀ pààrọ̀ ìrìn."

Sarah ò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí ẹnu. Láràárọ̀, kó tó bọ́jú fún ọmọ, á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan: "Ẹ kàárọ̀, Ìyá mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Àwọn aládùúgbò ló kọ́ Yéjídé ní èsì. Ọmọ ọdún mẹ́ta á gbé ọwọ́ lé ìyá rẹ̀ lórí, á ní, "Káàárọ̀, ọmọ mi," gbogbo agbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ kan ti pe Sarah rí, ó ní ẹni tó bá ti lọ kì í padà wá mọ́. Sarah ní òun ti gbọ́, sà. Ó sì kúnlẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Nígbà tí Yéjídé dàgbà débi tí ojú fi ń tì í, ó fi èsì yẹn sílẹ̀. "Ẹ kàárọ̀, mà. Ẹ dìde, Màámi," ló ń wí. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ kò yí padà. Nígbà tí Yéjídé relé ọkọ, tó bí Ayọ̀mídé, tí ọkọ kú, tó sì kó ẹrù rẹ̀ padà sílé ìyá, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn náà nìyẹn.

Aránṣọ ni Yéjídé. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Arandun, yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé-ìwé ló sì fi lórúkọ jù. Téèpù nìkan ló ń lò, kì í lo ìwé. Bó bá ti wọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọ orí rẹ̀ lọ nìyẹn. Àwọn oníbàárà a máa dán an wò.

"Ìyá Ayọ̀mídé, ẹ sọ àyà mi ká gbọ́."

"Méjìdínlógójì. Àmọ́ ẹ ti jẹun sí i o. Ẹ bọ́ síbí kí n tún un wọ̀n, kí aṣọ má lọ bú lára yín ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Àwọn ènìyàn a máa jowú ìdílé ìyá Yéjídé, torí pé wọn kì í tètè gbó. Sarah ti pé àádọ́rin ọdún kí ewú tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí rẹ̀, eyín rẹ̀ sì ṣì ń fọ́ èpà gbígbẹ. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Èsìẹ́ lo nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún láìgbé ọ̀pá. "Kí Ọlọ́run fún wa jẹ nínú ẹ̀mí gígùn yín" ni àwọn ènìyàn ń fi àdúrà wọn parí.

Ohun tí wọn kì í dárúkọ nínú àdúrà ni pé ẹ̀gbọ́n Ìyá Èsìẹ́ yìí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ kankan nígbà tí yóò fi lọ. Wọn kì í sì sọ bí Ìyá Èsìẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe lọ. Ọdún márùn-ún gbáko ló fi ń ṣarán. Lọ́jọ́ kan ó jáde nílé, ó ní ìyá òun ń dúró de òun lóko. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí i lábẹ́ igi òrí kan, tó jókòó sínú òjò, tó di etí aṣọ rẹ̀ mú bí ọmọ tí wọ́n ní kó má kúrò lójú kan. Kò lo ọ̀sẹ̀ kan mọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni. "Ogbó ni," ni wọ́n wí, wọ́n sì sin ín. Ọ̀rọ̀ méjì yìí ti bo ohun púpọ̀ mọ́lẹ̀ nílẹ̀ wa. Ogbó a máa fa ẹsẹ̀ ènìyàn, a máa dín ojú kù. Ogbó nìkan kọ́ ló ń mú kí ìyá má mọ ọmọ.

Ìtàn kan wà tí Sarah fẹ́ràn láti máa sọ. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ ní Èsìẹ́, ó fọ́ ìkòkò òrí tí ìyá rẹ̀ ń gbé lọ sọ́jà. Ìyá Èsìẹ́ tì í mọ́nú ilé ìdáná títí di ìrọ̀lẹ́. Bí Sarah bá sọ ọ́ tán, á yíjú sí Yéjídé, á ní, "Ìyá mi, ṣé ẹ rí i pé ẹ burú?" Ẹ̀rín á sọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ èṣí, Yéjídé wọlé láti ṣọ́ọ̀bù, ó sì bá ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá náà kúnlẹ̀. Kì í ṣe lórí orúnkún kan. Méjèèjì ló wà nílẹ̀, lórí òkúta wẹ́wẹ́.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì mí mọ́lé. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ ìkòkò yín."

Yéjídé bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Màámi, ìkòkò yẹn náà la tún fẹ́ fọ́ lónìí? Ẹ dìde jàre, ebi ń pa mí."

Ìyá ò dìde. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó wo Yéjídé bí ọmọdé ṣe ń wo ọwọ́ ẹni tó fẹ́ nà án, kì í ṣe ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ wá Yéjídé ná, Ìyá mi. Ọmọ yẹn ti jáde láàárọ̀, kò tí ì wọlé."

Ẹ̀rín kú sábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ Yéjídé.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò lè jẹun. Ó ń ka àárọ̀ padà sẹ́yìn. Àárọ̀ wo ni ìyá òun kúnlẹ̀ fún òun gbẹ̀yìn pẹ̀lú ìmọ̀ pé ọmọ òun ni? Ṣé ti àná? Ṣé ti ọdún tó kọjá? Kò sí bó ṣe lè mọ̀. Ní ilé mìíràn, ọjọ́ tí ìyá bá kọ́kọ́ pe ọmọ rẹ̀ ní "Ìyá mi" ni wọn yóò ti fura. Nílé tiwọn, àádọ́ta ọdún ó dín ọ̀kan ni wọ́n ti fi ń rẹ́rìn-ín sí i, àìsàn náà sì gba abẹ́ ẹ̀rín wọlé, ó jókòó.

Ó gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé-ìwòsàn kan ní Ìlọrin. Dókítà tó wò wọ́n ń jẹ́ Hussainat, obìnrin tó rọra ń sọ̀rọ̀, tí kì í wo aago. Ó bi ìyá ní ìbéèrè, ó ní kó ya aago sínú ìwé láti fi wo bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, ó gba ẹ̀jẹ̀, ó sì ní kí wọ́n ya àwòrán orí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ló sọ fún Yéjídé pé àrùn tó ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Oògùn tí ó lè dá a padà kò sí. Ó wá béèrè nípa ìdílé. Yéjídé sọ ti Ìyá Èsìẹ́ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò fi nǹkan kan pa mọ́.

"Ṣé ẹ mọ jẹ́nótáàpù, mà?" ni Dókítà bi í.

"Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í so ẹnikẹ́ni pọ̀ láìrí ìwé rẹ̀."

"Ó dáa. Jíìnì ni AA àti AS yẹn ti ń wá. Jíìnì ni ohun tí ọmọ ń jogún lára ìyá àti bàbá, tó ń sọ bí ara yóò ṣe rí. Ó lè jẹ́ òun ló gbé àmì yẹn sábẹ́ etí yín. Ó lọ́wọ́ sí i pé ẹ kì í tètè hewú. Ó sì lè lọ́wọ́ sí àìsàn yìí pẹ̀lú."

Yéjídé fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì. "Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, Dókítà, kí n mọ̀ bóyá AA ìgbàgbé ni mí tàbí SS ìgbàgbé."

Dókítà mirí. "Ibẹ̀ ni kò ti jọra. Ẹni tó bá jẹ́ SS, ó ti ní i láti ọjọ́ ìbí. Ti ìgbàgbé kò rí bẹ́ẹ̀. Jíìnì tó lọ́wọ́ sí i pọ̀. Ọ̀kan wà tí àwọn onímọ̀ mọ̀ jù, ṣùgbọ́n ènìyàn lè ní in kó dàgbà dogbó láìgbàgbé ohunkóhun. Ẹlòmíràn kò ní in, á sì gbàgbé. Wọ́n ti wò ó láàárín àwa Yorùbá pàápàá, kò sì lágbára lára wa tó bó ṣe lágbára lára àwọn ẹ̀yà mìíràn. Ṣé ẹ ti gbin iṣu rí?"

"Ọmọ Ìgbómìnà mà ni mí."

"Ẹ bu èbù méjì lára iṣu kan. Ẹ gbin ọ̀kan sílẹ̀ tó dára, ẹ ń roko rẹ̀. Ẹ gbin èkejì sórí àpáta. Ṣé bákan náà ni wọn yóò ta?"

"Rárá." Yéjídé ronú díẹ̀. "Ṣùgbọ́n iṣu kan náà ni wọ́n, Dókítà."

Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ ríru Yéjídé, ó rí i pé ó ga, ó kọ oògùn fún un, ó sì sọ fún un pé títọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára oko tó lè ro. Ó ní àwọn ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ìdílé báyìí fún ìwádìí lórí àìsàn náà. Bó bá fẹ́ fún wọn ní tirẹ̀, tó sì fẹ́ mọ èsì, wọn yóò sọ fún un. Yéjídé ní kí wọ́n fún òun láyè.

Nígbà tó délé, Ayọ̀mídé bi í pé kí ni wọ́n ní ó ń ṣe Màmá Àgbà.

"Wọ́n ní ogbó ni," ni Yéjídé wí.

Ohun tó mú un purọ́ náà ni pé Ayọ̀mídé ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sì ti wà nílẹ̀. Sámúẹ́lì lorúkọ ọmọkùnrin náà, olùkọ́ ni, ará Òkè-Onígbìn. Wọ́n ti ṣe jẹ́nótáàpù, AA àti AS ló jáde, ṣọ́ọ̀ṣì ti fọwọ́ sí i. Ohun tó kù ni ìwádìí ìdílé, tí kì í ṣe iṣẹ́ ilé-ìwòsàn. Àǹtí Sámúẹ́lì tó ń jẹ́ Lucy ni ìdílé ọkọ máa ń rán. Obìnrin náà ti tú ìgbéyàwó méjì ká rí kí wọ́n tó so wọ́n.

Yéjídé mọ ìbéèrè tí wọ́n máa ń béèrè. Ṣé kò sí wèrè? Ṣé kò sí wárápá? Bí Lucy bá gbọ́ pé àrùn ọpọlọ ni, àti pé ìran ló ti ń bọ̀, ó ti tán nìyẹn. Ó kọ́kọ́ rò pé kí òun gbé ìyá pamọ́ sílé ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni ó rí ohun tó rọrùn ju ìyẹn lọ. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Sarah máa ń kúnlẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Kí ló wá burú bí àlejò bá rí i? Àṣà tó bo àìsàn mọ́ òun lójú yóò bò ó mọ́ Lucy náà lójú.

Lucy dé ní ọjọ́ Sátidé kan lórí ọ̀kadà, ó jókòó, ó mu omi, ó sì ń fi ojú wọn ilé. Ayọ̀mídé ń gbé oúnjẹ. Ìyá jáde láti yàrá pẹ̀lú aṣọ tí Yéjídé rán fún un, ó mọ́ tónítóní, irun rẹ̀ dì. Ó dé iwájú Yéjídé, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Ìyá mi."

"Háà!" Lucy pàtẹ́wọ́. "Òun nìyí! Wọ́n sọ ọ́ fún mi ní Òkè-Onígbìn, mo ní irọ́ ni. Ìyá tó ń kúnlẹ̀ fún ọmọ!"

"Ìyá rẹ̀ ni mí, ẹ má pè mí lọ́mọ mọ́," ni Yéjídé wí, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Ẹ kú ọmọ títọ́, ìyá ìyá!" Lucy ń bá a lọ. "Irú ilé tó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà báyìí, àní títí dé ọ̀run! Ìyàwó wa yóò ti kọ́ ẹ̀kọ́ nílé."

Ìyá kò tí ì dìde. Ó yíjú sí Lucy. "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Wọ́n mọ ibi tí Yéjídé wà, wọn ò fẹ́ sọ fún mi."

Lucy tún rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ṣì ń lọ. "Yéjídé dà o? Ìyá, ẹ sọ fún wọn o!"

Yéjídé kó ẹ̀rín sẹ́nu. "Yéjídé ti lọ sọ́jà."

"Ọjọ́ wo ló lọ?" ni ìyá bi í. "Ó ti pẹ́. Ọmọ mi nìyẹn, Ìyá mi. Òun ni mo bí gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá ń bínú sí mi nítorí ìkòkò, ẹ nà mí. Ẹ má fi ọmọ mi pamọ́ fún mi." Ó dì mọ́ ẹsẹ̀ Yéjídé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún ọmọdé, tí kì í dáwọ́ dúró láti mí.

Ẹnu Lucy ṣì là fún ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò jáde mọ́.

Yéjídé lè sọ pé ó rẹ ìyá. Ó lè sọ pé ibà ni. Irọ́ méjèèjì ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ọwọ́ tó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó sì rí i pé òun jókòó síbẹ̀, òun ń sẹ́ ara òun fún ìyá tó ń wá òun. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá.

"Màámi, èmi nìyí. Yéjídé nìyí."

Ìyá wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ó fọwọ́ kan àmì tó wà lábẹ́ etí òsì. "Rárá," ló wí jẹ́jẹ́. "Ìyá mi ni yín."

Orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni Yéjídé ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Lucy: àìsàn náà, Ìyá Èsìẹ́ lábẹ́ igi òrí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ohun tí Dókítà wí nípa jíìnì. Lucy kò pariwo. Ó tẹ́tí gbọ́ ọ dópin, ó nu ojú tirẹ̀ pàápàá, ó sì dìde láìjẹun. "Ìyá Ayọ̀mídé, ẹ ṣeun tí ẹ sòótọ́," ló wí. Kò pe ẹnikẹ́ni níyàwó mọ́.

Nígbà tí ọ̀kadà lọ tán, Ayọ̀mídé ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú àwo lọ́wọ́.

"Mọ́mì, ẹ̀ bá ti sọ fún èmi ná, kí ẹ tó sọ fún wọn."

Yéjídé kò lè wo ojú rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ tèmi náà kọ́ ni?" Ayọ̀mídé gbé àwo sílẹ̀, ó wọlé lọ.

Ọjọ́ kẹjọ ni Lucy pè lórí fóònù. Ìdílé ti jókòó. Wọ́n ní kí Yéjídé lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí dókítà wí, kó mú ìwé rẹ̀ wá bí wọ́n ṣe ń mú ìwé jẹ́nótáàpù wá. Bí ìwé bá mọ́, ìgbéyàwó kò yẹ̀. Yéjídé lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ kejì. Ó ro ọ̀rọ̀ náà fún Dókítà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò jókòó.

"Mi ò lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, mà," ni Dókítà wí. "Bí èsì bá dára, kò túmọ̀ sí pé ẹ ò ní gbàgbé. Bí kò bá dára, kò túmọ̀ sí pé ẹ ó gbàgbé. Ti ọmọ yín tilẹ̀ tún yàtọ̀, ìdajì ohun tó ní ló ti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ wá. Kí ni n ó kọ tí wọn yóò kà?"

"Ẹ kọ pé kò sí nǹkan kan."

"Èmi àti ẹ̀yin mọ̀ pé irọ́ ni."

Yéjídé wá jókòó. Ó na apá òsì rẹ̀. "Ẹ gbà á fún ìwádìí yín. Ẹ má sọ èsì rẹ̀ fún mi. Bóyá nígbà tí ti Ayọ̀mídé bá máa dé, ẹ ó ti rí oògùn."

Nígbà tí ìwé kò dé, Sámúẹ́lì pe Ayọ̀mídé lẹ́ẹ̀kan, ó sunkún, ó ní òun kò lè kọjá ọ̀rọ̀ àwọn àgbà òun. Láti ìgbà náà kò pe fóònù Ayọ̀mídé mọ́.

Nígbà tí wọ́n wọlé sáà tuntun, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ kan tó ń jẹ́ Marvellous kéré jù. Ìyá ọmọ ní kò burú, ó ní àwọn ọmọ a máa yára dàgbà nínú ìsinmi. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Yéjídé ní kí Ayọ̀mídé ra ìwé olójú-ewé ọgọ́rin kan wá. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti fa téèpù, á pe nọ́ńbà sókè, Ayọ̀mídé á kọ ọ́. Àwọn oníbàárà kì í dán an wò mọ́.

Ìyá ò jáwọ́ nínú kíkúnlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù yẹn, Yéjídé jí, ó bá a lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ kàárọ̀, Ìyá mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Yéjídé ti ya ẹnu láti ní kó dìde. Ó pa á dé. Ó gbé ọwọ́ òsì lé orí ìyá rẹ̀, lórí irun tó ti wá funfun wàyí.

"Káàárọ̀, ọmọ mi."

Ojú ìyá tàn. Ó ti tó ọdún kan tí ojú náà ti tàn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. "Ṣé ẹ ò bínú sí mi mọ́?"

"Mi ò bínú. Ìkòkò ni, a ó ra òmíràn."

"Yéjídé ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀."

"Ẹ sọ fún un kó má pẹ́," ni ìyá wí, ó sì gbé orí lé ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ sọ fún un pé mò ń dúró dè é."